Inú Ìwé Ni Kí Ẹ Gbẹ́, Kì í Ṣe Ibi Tí Bàlúù Ogun Já Sí

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ máa ń kó ọmọ lọ rìn lórí òkè nígbà ìsinmi, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí ẹ bá rí àfọ́kù irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú koríko, tí ìṣó wẹ́wẹ́ tò lára rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ má sì gbé ẹ̀rọ tó ń wá irin lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó lè jẹ́ ara bàlúù tó já nígbà ogun Hítílà, kí àwọn tó gbé má sì tíì kúrò níbẹ̀ títí dòní.

Òfin wà lórí rẹ̀. Láti 1986, gbogbo bàlúù tó já sílẹ̀ náà lẹ́nu iṣẹ́ ológun ló wà lábẹ́ ààbò, ìbáà ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì, ti Amẹ́ríkà tàbí ti Jámánì. Bí kò bá tilẹ̀ sí pátákó kankan níbẹ̀, òfin dé e. Ẹni tó bá hú u, tó gbé e kúrò tàbí tó bà á jẹ́ láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Ilé-iṣẹ́ Ètò Ààbò ti dẹ́ṣẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ gbàyè lọ́wọ́ onílẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹnu rẹ̀ nìkan kò tó. Bí òkú tàbí bọ́ǹbù bá sì ṣeé ṣe kó ṣẹ́kù síbẹ̀, wọn kì í sábà fún ni níwèé náà.

Ẹ má rò pé ọjọ́ pípẹ́ ti pa oró bọ́ǹbù. Àwọn aago inú bàlúù náà léwu: ọ̀dà radium ni wọ́n fi kùn wọ́n kí awakọ̀ lè rí wọn lóru. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀dà náà ti kú, oró rẹ̀ kò kú, ọmọdé á sì fẹ́ kó àwọn aago náà sápò.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mọ ìtàn, ìwé ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ dìde sí. Ẹ jẹ́ kí n fi ọmọ wa kan ṣàpẹẹrẹ. Emanuel Peter John Adeniyi Thomas, ọmọ Èkó, àbúrò Stella Thomas tó di obìnrin adájọ́ májísíréètì àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wà lára àwọn aláwọ̀ dúdú tó kọ́kọ́ di awakọ̀ àti ọ̀gá nínú ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì. Ìjàǹbá bàlúù ló pa á ní 1945, ìlú Bath ni wọ́n sin ín sí. Ibojì rẹ̀ sọ ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí; kò sọ ibi tí bàlúù já sí. Ọ̀tọ̀ ni ìwé tó máa sọ ìyẹn.

Ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Kew, ìwé iṣẹ́ ikọ̀ bàlúù kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ àmì AIR 27. Òun ni kí ẹ gbà gbọ́ ju ìtàn ẹnu lọ, torí orúkọ àwọn tó gbéra lọ́jọ́ náà gan-an ló máa ń wà nínú rẹ̀. Èèyàn méje ló sábà máa ń gbé bàlúù Lancaster, bí ọ̀kan bá sì ṣàìsàn, ẹlòmíràn ni yóò wọlé dípò rẹ̀. Bí ẹ kò bá wo ìwé náà, ẹ lè lọ sọ fún ìdílé kan pé bàbá wọn kú síbi tí kò dé rí. Lẹ́tà ńláńlá ẹ̀gbẹ́ bàlúù pàápàá ń ṣini lọ́nà: bí bàlúù kan bá ṣègbé, wọ́n lè kọ lẹ́tà kan náà sára èyí tó rọ́pò rẹ̀. Nọ́ńbà kékeré tó wà nítòsí ìrù ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bàlúù tó gbéra lálẹ́ Ọjọ́ Ẹtì sì lè já lẹ́yìn agogo méjìlá òru, kí ìwé kan kọ Ẹtì, kí èkejì kọ Àbámẹ́ta.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi orúkọ tàbí fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹbí ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp títí ìwé méjì ó kéré tán yóò fi bára mu.

Orúkọ tó lé ní 20,000 ló wà lára ògiri ìrántí Runnymede, ti àwọn ọmọ ogun òfuurufú tí a kò mọ ibojì wọn. Egungun tí ẹ kọsẹ̀ lù lè jẹ́ ti ọ̀kan nínú wọn. Ẹ fi í sílẹ̀ bí ẹ ṣe bá a, ẹ sàmì sí ibẹ̀, kí ẹ pe ọlọ́pàá.