Àjọkẹ́, Gbé Fóònù Yẹn Sílẹ̀ Kí A Sọ̀rọ̀ Tátù

Àjọkẹ́, wá jókòó tì mí níbí. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Mo ti rí àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, mo sì ti rí ibi tí o ní kí wọ́n ya á sí: ọrùn, lábẹ́ etí ọ̀tún, níbi tí gbogbo ayé yóò ti máa kà á kí wọ́n tó kí ọ. Mo rí orúkọ tó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. N kò tíì bínú. Ìyàwó wa ti bínú tó fún àwa méjèèjì. Láti òwúrọ̀ ló ti ń pè mí pé kí n bá òun kìlọ̀ fún ọmọ òun kó tó ba ara rẹ̀ jẹ́. Bàbá rẹ kò sọ nǹkan kan ní tirẹ̀, ìwọ náà sì mọ̀ pé tí àbúrò mi bá ti dákẹ́ báyẹn, ọ̀rọ̀ ti wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara nìyẹn.

N kò ní sọ fún ọ pé àṣà òyìnbó lò ń kọ́. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò wo ara àwọn ìyá wa dáadáa. Màmá tó bí èmi àti bàbá rẹ fín ara. O ò bá a láyé, torí náà jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ bí mo ṣe rí i. Apá òsì ni, láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Ìlà tínńtínńtín ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n ní ẹsẹẹsẹ. Alángbá kan wà nítòsí ìgúnpá tó gbé orí sókè, orúkọ màmá sì wà ní iwájú apá ní lẹ́tà gàdàgbà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí oorun ọ̀sán bá ti gbé e lọ, mo máa ń fi ìka tọ àwọn ìlà náà kiri. Àwọn kan tẹ́jú, àwọn kan yọ díẹ̀ lára awọ. Nígbà tó fi máa darúgbó, dúdú yẹn ti di búlúù tó ń lọ sí àwọ̀ ewé, lẹ́tà orúkọ rẹ̀ ti fẹ̀, wọ́n ti ń wọ inú ara wọn. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò lè kà á mọ́.

Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ lọ sọ́dọ̀ olóólà. Abẹ kékeré ni bàbá náà ń lò. Á sín in, á fi èédú tí wọ́n ti lọ̀ kúnná ra á, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn, ẹnì kankan kò sì gbọ́dọ̀ ké. Èyí tó bá sá dìde láàárín, bó ṣe máa wà lára rẹ̀ títí ayé nìyẹn, ààbọ̀ iṣẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò máa fi kọrin lójú odò. Lọ́dọ̀ àwọn Ọ̀họ̀rí, Yorùbá bíi tiwa tó wà ní ilẹ̀ Benin, kóló ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Ẹ̀rí ìgboyà ni wọ́n kà á sí lára ọmọbìnrin tó fẹ́ lọ sílé ọkọ: ẹni tó bá lè fara da abẹ, wọ́n gbà pé yóò fara da ìrọbí.

Màmá kò kábàámọ̀ rẹ̀. Mo bi í. Ó ní orúkọ òun fúnra òun ló wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ òun lòun sì fi rìn lọ. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kò rí bẹ́ẹ̀. Àbàjà ni wọ́n kọ fún ìyẹn, ọmọ ọwọ́ ni nígbà náà, kò sí ẹni tó bi í. Tí o bá wo gbogbo fọ́tò àtijọ́ tó wà nílé wa, ìborùn ló máa ń fà bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ilà tí àwọn òbí rẹ̀ rò pé iyì ni, tó ń sọ ilé tó ti jáde, òun ni àwọn ọmọ ìlú ńlá fi ń pè é ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ nígbà tí ayé yí. Ìwọ náà mọ Adétutù Alábí, módẹ́lì tó ní ilà lójú, tí Rihanna tẹ̀ lé lórí Instagram ní 2018. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba bí wọ́n ṣe fi ojú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú kan náà ló wá fi ń ṣe módẹ́lì, inú mi sì dùn fún un gan-an. Ṣùgbọ́n omijé tó ti dà sẹ́yìn, ta ni yóò san án padà fún un?

Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 ti ka á léèwọ̀, ní abala 24, pé kí ẹnikẹ́ni ya tátù tàbí kọ ilà sára ọmọdé. Ìtanràn tí kò ju ₦5,000 lọ ni, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù kan lọ, tàbí méjèèjì. Owó náà kéré lójú mi, àmọ́ ó dára pé ó wà nínú ìwé òfin. Ìwọ ti pé ọdún 23. Kò sí ẹni tó máa dì ọ́ mú fún olóólà, kò sì sí ẹni tó máa sọ pé dandan ni. Ohun tí wọn kò fún ẹ̀gbọ́n màmá, ọwọ́ rẹ ló wà. Ohun tó wá ń dùn mí ni pé o gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tán, o sì fẹ́ ná an ní ọ̀sán kan ṣoṣo.

Ìyàwó wa ní Bíbélì ti sọ ọ́, Léfítíkù orí 19 ẹsẹ 28. Àbúrò bàbá rẹ tó jẹ́ Mùsùlùmí náà ní haráàmù ni. N kò ní bá wọn jà lórí ìyẹn. Ẹni tó ń fi ọkàn tòótọ́ sin Ọlọ́run, ó yẹ kó ka nǹkan wọ̀nyẹn sí. Lọ bá Ọlọ́run rẹ sọ ọ́. Màmá gba oúnjẹ Olúwa pẹ̀lú apá yẹn títí ó fi kú, kò sì sí àlùfáà tó lé e kúrò nídìí tábìlì.

Má sì rò pé ìbànújẹ́ nìkan ni mo fẹ́ kó sí ọ létí. Iléeṣẹ́ ìwádìí Pew bi àwọn àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà léèrè ní 2023. Nínú ọgọ́rùn-ún, 32 ló ní tátù, 22 sì ní ju ẹyọ kan lọ. Nínú àwọn tó ní in, bí ìdámẹ́rin ló ní àwọn ti kábàámọ̀ ọ̀kan, ó kéré tán. Ìyàwó wa ò ní fẹ́ kí n sọ ìyókù, ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ fún ọ: bí mẹ́ta nínú mẹ́rin ni kò kábàámọ̀. Nígbà tí wọ́n sì bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi ya á, 69 nínú ọgọ́rùn-ún ní ó wà lára ìdí àwọn pé àwọn fẹ́ fi rántí ẹnì kan tàbí nǹkan kan, tàbí kí àwọn fi bọlá fún un. Wo Anthony Joshua afẹ̀ṣẹ́jà, ọmọ Ṣágámù tí wọ́n bí sí Watford. Máàpù Áfíríkà ló wà ní èjìká rẹ̀, Nàìjíríà sì hàn kedere nínú rẹ̀. Kò sí bí mo ṣe máa wo ìyẹn kí n ní ọmọ náà ba ara rẹ̀ jẹ́. Ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ti wá kò lè jí lọ́la kó ní òun ò fẹ́ ẹ mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní London náà, ṣé orúkọ bàbá wa kọ́ ló fín sí apá? Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi hàn mí, mo sunkún, ayọ̀ sì ni mo fi sun ún.

Àmọ́ orúkọ ọmọkùnrin yìí, Àjọkẹ́! N kò ní nǹkan kan lòdì sí i. Ó wá síbí, ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó bá mi gbé omi láti ẹ̀yìnkùlé láìjẹ́ pé mo ní kó gbé e. Ẹ kò tíì pé ọdún kan. Ṣé òun náà fẹ́ fín orúkọ tìrẹ sí ọrùn tirẹ̀? Mo bi ọ́, o ń rẹ́rìn-ín. Johnny Depp, òṣèré Amẹ́ríkà, fín orúkọ Winona Ryder sí apá nígbà tí ìfẹ́ wọn gbóná. Nígbà tí wọ́n pínyà, ó ní kí wọ́n pa lẹ́tà méjì rẹ́ lára rẹ̀. Olówó nìyẹn, ó rí ẹni tún un ṣe fún un.

Obìnrin tí mo rí nígbà tí mo ṣì ń ṣe nọ́ọ̀sì kò rí ẹni tún tirẹ̀ ṣe. Ìtọ́jú oyún ló máa ń wá gbà. Báńdéèjì kan kì í kúrò lápá rẹ̀. Oyún tó oṣù mẹ́jọ, báńdéèjì ṣì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ní kí n tú u kí n lè wé aṣọ ẹ̀rọ ìfúnpá mọ́ ọn lápá, ó gbá mi lọ́wọ́ mú pé kí n jọ̀ọ́, kí n lo apá kejì. Mo rò pé wọ́n ń lù ú nílé ni. Mo ti ilẹ̀kùn, mo rọra tú u. Kò sí egbò lábẹ́ rẹ̀. Orúkọ ọkùnrin ni, kì í sì í ṣe orúkọ ẹni tó jókòó síta tó ń dúró dè é. Awọ ibẹ̀ ti ń dán, ó ti le, nítorí pé ó ti fi iyọ̀ àti kànrìnkàn ha á títí ó fi bó. Ó jiná, orúkọ náà sì tún yọ lábẹ́ àpá, ó kàn wọ́ díẹ̀ ni. Ó ní ọkọ òun ò mọ̀wé, ó rò pé orúkọ bàbá òun ni, ṣùgbọ́n ọmọ òun máa tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Mo tún báńdéèjì náà dì fún un.

Jẹ́ kí n sọ ìdí tí iyọ̀ kò fi ràn án. Awọ òde ara wa máa ń bó lọ díẹ̀díẹ̀, òmíràn á sì hù. Abẹ́rẹ́ tátù kì í dúró níbẹ̀; awọ tó wà nísàlẹ̀ ló ń fi íǹkì sí, àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á gbé e mì, wọ́n á sì há a mọ́. Ẹ̀rọ lésà lè fọ́ íǹkì náà sí wẹ́wẹ́ kí ara lè máa kó o lọ, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan: á ṣe é, á dúró fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, á tún padà lọ, owó rẹ̀ sì máa ń ju èyí tí wọ́n fi ya á lọ fíìfíì. Dúdú máa ń gbọ́ràn ju àwọ̀ ewé àti yẹ́lò lọ. Fún àwa aláwọ̀ dúdú, ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà níbẹ̀: bí ẹni tó mú lésà dání kò bá mọ èyí tó yẹ awọ wa, àwọ̀ tí Ọlọ́run fún ọ ni yóò bá íǹkì lọ, ojú ibẹ̀ á funfun tàbí kó dúdú ju ìyókù lọ.

Èyí tó kàn ọ́ jù lọ nìyí, kí o gbọ́ ọ dáadáa. Wo etí ìyàwó wa. Ihò yẹtí lásán ni wọ́n lu fún un, àpá náà wú títí ó fi tó èkùrọ́, wọ́n gé e, ó tún wú. Kẹ́lọ́ìdì ni, ó máa ń rin ìdílé. Etí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ lápá ìsàlẹ̀, àyà, èjìká, ibẹ̀ ló fẹ́ràn. Ibo lo ní kí wọ́n gún ọ? Lábẹ́ etí! Ọmọ ẹni tí etí rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀! Tátù kì í sábà mú un wá, ṣùgbọ́n ó lè mú un wá, n kò sì fẹ́ kó jẹ́ ara rẹ ni a ó ti dán an wò. Bí o bá máa ya nǹkan kan, inú apá ni, níbi tí aṣọ lè bò. O ní o fẹ́ gba fọ́ọ̀mù ọlọ́pàá lẹ́yìn àgùnbánirọ̀. Ka ìkéde wọn dáadáa, ti ṣọ́jà náà, wọn kì í gba ẹni tó ní tátù wọlé. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ yẹn lò ń fẹ́ lóòótọ́, a jẹ́ pé kò yẹ kí o ya ohunkóhun rárá.

Ohun tí a máa ṣe nìyí. Láyé àtijọ́, bùjé ni àwọn ọlọ́mọge fi ń ya ara. Kì í ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ tó fi máa ń parẹ́. Kò wọ́pọ̀ mọ́, torí náà lọ sí Sábó kí wọ́n fi làálì ya orúkọ rẹ̀ fún ọ sí ọrùn gan-an níbi tí o ní o fẹ́. Làálì gidi o, kì í ṣe èyí tí wọ́n pò mọ́ dáì irun kó lè dúdú kíá, ìyẹn máa ń jó ara. Gbé e lọ síbi iṣẹ́, gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, jẹ́ kí ìyá tó bí ìyá rẹ bi ọ́ léèrè pé ta ni. Kí o sì wá sọ fún mi bó ṣe rí lára rẹ.

Èkejì, o kò tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn ẹ̀dọ̀ irú B. Mo bi ìyàwó wa, ó ní rárá. Abẹ́rẹ́ tí wọn ò pààrọ̀ lára ẹnì kan sí èkejì lè kó àrùn ẹ̀dọ̀ ran ènìyàn, ó lè kó HIV náà, bẹ́ẹ̀ o sọ fún mi pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni ọmọkùnrin tó ń ya á gbé àga sí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gún àjẹsára náà, láàárín oṣù mẹ́fà. Kí ẹnikẹ́ni má fi abẹ́rẹ́ tátù kàn ọ́ títí a ó fi gba ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà yẹn, tí orúkọ náà bá ṣì wù ọ́, èmi fúnra mi ni n ó tẹ̀ lé ọ lọ síbi tó mọ́, n ó dúró kí wọ́n já ọ̀rá abẹ́rẹ́ tuntun lójú mi, n kò sì ní fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n n ó di ọwọ́ rẹ mú. Tó bá sì jẹ́ orúkọ màmá lo wá mú, èmi ni n ó sanwó.

Bàbá rẹ, fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Ìyàwó wa, lọ bẹ̀ ẹ́ lálẹ́ òní, kí o kúnlẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ àárọ̀, a ó pàdé níwájú ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Wọ aṣọ tí apá rẹ̀ kò fún, kí o sì jẹun kí o tó kúrò nílé.