Ṣẹ́ẹ̀dì Ẹ̀yìnkùlé

Ọmọ mi, ilẹ̀ Ajégúnlẹ̀ há lóòótọ́, ṣùgbọ́n má kan igi ṣẹ́ẹ̀dì rẹ mọ́ ògiri aládùúgbò. Fi àyè tí èèyàn lè fi ẹ̀gbẹ́ wọ̀ sílẹ̀ láti gbá ibẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ eku á sọ ọ́ di ilé. Òòlù ò ní ráyè lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì; ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni kí o ti kan páànù ẹ̀yìn mọ́ igi rẹ̀ tán, kí ẹ tó gbé e nàró. Pákó tí wọ́n tú lára ẹrù wáfù Àpápá dára, bí o bá ti yọ ìṣó àtijọ́ inú rẹ̀. Jẹ́ kí òrùlé da omi sí àgbàlá tìrẹ. Àdúgbò wa rẹlẹ̀, àgbàrá kì í ṣàánú àpò gàrí: gbé ilẹ̀ pákó lé búlọ́ọ̀kù. Kí o kọ́ ọ sórí gọ́tà ńkọ́? Má dán an wò. Ìjọba Èkó ń wó ohun tí wọ́n bá bá lórí rẹ̀.