Fífi gdb wo inú Lisp ti Emacs: ọ̀kọ̀ méjì tí kò dọ́gba

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ kan, ọ̀kọ̀, ohun ìjà tí jagunjagun ń gbé. Ó wà lẹ́ẹ̀mejì nínú àkójọ ọ̀rọ̀ tí a tò sínú Emacs. Ojú wa kò rí ìyàtọ̀ kankan láàrin méjèèjì, ṣùgbọ́n nígbà tí a ní kí Emacs fi `string=` wò wọ́n, nil ló dáhùn: wọn kò dọ́gba. Ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ olóhùn ìsàlẹ̀ nínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀ yóò ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sí méjì, iye tí yóò kọ sínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ kò sì ní jẹ́ òtítọ́. A fẹ́ fi gdb ṣí inú Lisp náà wò, kí a rí ohun tí ojú kò rí.

Èdè C ni ìpìlẹ̀ Emacs. Lisp ló wà lókè, òun ni àwa ń bá sọ̀rọ̀. gdb, irinṣẹ́ tí a fi ń wá àṣìṣe nínú ètò kọ̀ǹpútà, gbọ́ C dáadáa, kò gbọ́ Lisp. Bí a bá ní kí gdb lásán fi nọ́ńbà 5 ti Lisp hàn wá, 22 ni yóò sọ. Kì í ṣe irọ́ ló pa. Lisp máa ń kọ ilà fún ohun gbogbo kí ó lè dá wọn mọ̀: lórí kọ̀ǹpútà oníbíìtì 64, bíìtì 3 tó kẹ́yìn ló ń sọ irú ohun tí a ní lọ́wọ́. 0 ni symbol, 3 ni cons, 4 ni string, 5 ni vector àti àwọn ìbátan rẹ̀, 7 ni float. Nọ́ńbà odidi ló gba 2 àti 6, nítorí náà bíìtì 2 péré ni ilà tirẹ̀ ń gbà: 5 lọ́nà 4 jẹ́ 20, a fi ilà 2 kún un, ó di 22. Àwa tí a ti kọ́ nípa ìrísí ìpìlẹ̀ àti ìrísí òkè yóò tètè mọ ibi tí wàhálà wà: gdb ń gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu, kò ní òfin tí yóò fi padà sí ìpìlẹ̀.

Òfin náà ni a ó kọ́ ọ. Àwọn tó ń ṣe Emacs ti kọ púpọ̀ nínú rẹ̀ sínú fáìlì `.gdbinit` tó wà nínú `src`, níbi tí kóòdù C wà. Kí a fi `CFLAGS='-O0 -g3'` kọ́ Emacs láti orísun, kí a wọ `src`, kí a sì pe `gdb ./emacs` níbẹ̀. Bí gdb bá kọ̀ láti ka fáìlì náà, kò fọkàn tán an ni. Àṣẹ `add-auto-load-safe-path` ni a fi ń sọ fún un pé kò séwu. Lẹ́yìn èyí, `xtype` yóò ka ilà fún wa, `xcar` àti `xcdr` yóò tú cons, `xstring` yóò fi ọ̀rọ̀ hàn.

Ohun tí àwa ń wá, iye àmì àti iye báìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sí nínú wọn. A kọ tiwa sínú `iye.gdb`:

define iye
  xgetptr $arg0
  set $oro = (struct Lisp_String *) $ptr
  printf "ami %ld, baiti %ld\n", $oro->u.s.size, $oro->u.s.size_byte
  x/11xb $oro->u.s.data
end

`xgetptr` ló ń bọ́ ilà kúrò kí àdírẹ́sì gidi lè yọ. 11 ni iye báìtì tí a fẹ́ rí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ kí ó yí i padà.

Ó ku ká dán an wò. `source iye.gdb`, lẹ́yìn náà `run -Q`. Nígbà tí Emacs bá ti ṣí, a tẹ Ctrl-Z nínú tẹ́mínà (Ctrl-C kì í sábà ṣiṣẹ́ níbí), a kọ `break Fstring_equal`, a sì ní kó máa lọ. Nínú Emacs, a fi M-: ṣe `string=` fún ọ̀kọ̀ méjèèjì. Emacs lè kọ́kọ́ dúró síbi tí a kò rán an. A kàn tẹ `c` títí yóò fi kan tiwa. `iye s1` àti `iye s2` fún wa ní èyí, bí a bá yọ àdírẹ́sì àti 0x kúrò:

ami 5, baiti 11
e1 bb 8d cc 80 6b e1 bb 8d cc 80
ami 7, baiti 11
6f cc a3 cc 80 6b 6f cc a3 cc 80

Báìtì wọn dọ́gba, 11 sí 11! Ẹni tó bá fi ìwọ̀n fáìlì nìkan wá ìyàtọ̀ kò ní rí i láéláé. Nínú èkíní, ọ jẹ́ àmì kan ṣoṣo, U+1ECD, ohùn ìsàlẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Nínú èkejì, o ni, lẹ́yìn náà àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ U+0323, lẹ́yìn náà ohùn. Ẹni tó tẹ ò kí ó tó fi àmì sábẹ́ rẹ̀ ti mú ẹ̀kẹta wá, báìtì 9. Ẹni tó fi álífábẹ́ẹ̀tì ti Benin kọ ọ́, ɔ̀kɔ̀, yóò rí àmì 5, báìtì 9 bákan náà.

`ucs-normalize-NFC-string` yóò sọ mẹ́ta àkọ́kọ́ di ọ̀kan. Kò ní kan ɔ, nítorí lẹ́tà mìíràn ni. Kò sì ní kan o̩ tí a fi ìlà òòró kékeré U+0329 sí lábẹ́, èyí tó pọ̀ nínú àwọn fáìlì àtijọ́. Ọwọ́ wa la ó fi pààrọ̀ ìyẹn.

Òtítọ́ ni pé bí Emacs bá ṣì ń dá wa lóhùn, `length` àti `string-bytes` lè sọ iye wọ̀nyí láìsí gdb. Ìgbà tó bá dákẹ́, tí iṣẹ́ tí a kò tíì fi pamọ́ wà nínú rẹ̀, ni gdb di dandan. `gdb -p` pẹ̀lú nọ́ńbà ètò náà yóò wọ inú rẹ̀. `bt` yóò to Ffuncall àti eval_sub lé ara wọn, èyí tí kò sọ nǹkan kan fún wa. `xbacktrace` ni yóò dárúkọ iṣẹ́ Lisp tó ń yí po lójú kan. Kí a ṣọ́ra fún `pp` ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Emacs fúnra rẹ̀ ni `pp` ń bẹ̀ pé kó tẹ ọ̀rọ̀ jáde, bí inú rẹ̀ bá sì ti bàjẹ́, ó lè kú síbẹ̀. `xstring` àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, títí kan `iye` tiwa, kò bẹ̀ ẹ́ ní nǹkan kan. Wọ́n ń ka ohun tó wà nínú mẹ́mórì ni. Bí a bá ti rí ohun tí a ń wá, `detach` ni a ó kọ kí a tó jáde.