Ìwé Ara Ilẹ̀kùn

Salzburg jẹ́ ìlú àtijọ́ kan ní ilẹ̀ Ọ́sítríà. Òwò iyọ̀ ni ó sọ ọ́ di ìlú ọlọ́rọ̀. Ilé olódi ńlá kan wà lórí òkè níbẹ̀. Ọdún 1077 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ.

Hòtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ni a dé sí. Bàbá, ìyá àti ọmọ wọn ni wọ́n ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀. "Grüß Gott" ni wọ́n fi kí wa. Òfin ilẹ̀ náà ni pé kí a kọ orúkọ àlejò sílẹ̀. A kọ orúkọ wa, a fọwọ́ sí i, wọ́n sì fún wa ní kọ́kọ́rọ́ yàrá.

Ní alẹ́, a pẹ́ níta. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ìta pa. A kànkùn títí. Ìyá náà jí, wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá, oorun ṣì wà lójú wọn. Wọn kò bínú. Wọ́n kàn na ìka sí ìwé kan lára ilẹ̀kùn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, pé kọ́kọ́rọ́ yàrá lè ṣí ilẹ̀kùn ìta náà.

Háà! Kọ́kọ́rọ́ wà lápò wa! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ti kọjá lára ìwé yìí láìkà á. Ojú tì wá gidigidi, nítorí ìyá yìí kan náà ni yóò jí ní ìdájí láti tọ́jú oúnjẹ òwúrọ̀ wa.

Ẹ̀yin ará, ẹni tí ó mọ̀wé tí kò kà á, kí ló fi sàn ju ẹni tí kò mọ̀wé lọ? Bí ẹ bá rí ìwé lára ilẹ̀kùn, ẹ dúró, ẹ kà á.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó sọ Salzburg di ìlú ọlọ́rọ̀?
2. Ta ni a jí lójú oorun? Kí ló fà á?
3. Ẹ kọ ìwé kan tí ẹ lè lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn yín fún àlejò.