Ẹ Kọ́kọ́ Bèèrè Omi Tí Wọ́n Ń Pọn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà sẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin tí ẹ óò máa ti àdúgbò kan bọ́ sí òmíràn l'Ékòó láti gbọ́ tẹnu ará ìlú kí ìjọba tó ṣètò omi ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún sí i, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ kò pọ̀, àmọ́ ó wúwo lọ́kàn mi. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè nípa omi tí àwọn ènìyàn ń pọn lónìí, kí ẹ tó ṣí ìwé omi tí ìjọba fẹ́ fún wọn lọ́la. Bí ẹ bá sì ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn tán, ẹ padà wá jábọ̀ fún wọn.

Ìjà omi ti pẹ́ l'Ékòó. Ní 1908, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gbèrò láti fa omi ẹ̀rọ wọ ìlú láti Ìjù, kí wọ́n sì gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ará ìlú, Dókítà John Randle àti Dókítà Òrìṣàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti tako owó náà. Ọba Èṣùgbàyí Eléko pàápàá wà lẹ́yìn àwọn ènìyàn rẹ̀. Omi Ìjù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, síbẹ̀ nígbà tó fi di 1916, ìjà owó omi ṣì ń lọ. Kì í ṣe pé ará Èkó kórìíra omi tó mọ́. Wọ́n ní àwọn ní kànga tiwọn, wọ́n sì ní òyìnbó ni omi náà yóò ṣe lóore jù. Lójú tèmi, ohun tó dùn wọ́n jù lọ ni pé wọ́n ti parí ètò náà kí ẹnikẹ́ni tó yà wá béèrè lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ tí kò sí nígbà náà ni iṣẹ́ tí wọ́n gbà yín sí yìí.

Ẹ tún mọ̀ pé ẹni tí ẹ bá kàn ilẹ̀kùn rẹ̀ lónìí ti gbọ́ ìlérí rí. Ètò ńlá tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe fún 2010 sí 2020 ní kí omi tí ìlú ń pèsè gòkè láti mílíọ̀nù 210 gálọ́ọ̀nù lójúmọ́ dé mílíọ̀nù 745. Ọdún 2020 dé, ó kọjá. Bọ́hóòlù, mẹrúwà tó ń ti omi kiri tà, àti píọ̀ wọ́tà ni ọ̀pọ̀ ilé ṣì gbára lé. Nígbà tí òfin àyíká tuntun sì tún fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ bọ́hóòlù àti omi títà ní 2017, ariwo ta, àwọn ènìyàn jáde sí ìgboro. Nítorí náà bí bàbá kan bá wò yín láti òkè dé ilẹ̀, tó ní, "Ẹ tún ti dé," ẹ má bínú. Ẹ jókòó tì í.

Ìbéèrè tí kò wúlò jù lọ nínú iṣẹ́ yìí ni, "Ṣé ẹ fẹ́ omi ẹ̀rọ?" Ta ni yóò ní òun ò fẹ́? Ẹ bi wọ́n pé omi wo ni wọ́n fi se oúnjẹ àárọ̀ yìí, ibo ló ti wá, ta ló gbé e, aago mélòó ló jí láti lọ gbé e. Omi mímu nílé kan lè jẹ́ píọ̀ wọ́tà, kí omi ìsebẹ̀ jẹ́ ti mẹrúwà, kí omi ìfọṣọ jẹ́ ti kànga tó ń sọ aṣọ funfun di pupa. Mẹ́ta ni omi yẹn, owó rẹ̀ kò sì dọ́gba. Ẹ bèèrè iye tí wọ́n ń ná sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó bèèrè iye tí wọ́n lè san fún omi ìjọba, torí ẹni tí ẹ bá kọ́kọ́ bi léèrè owó yóò rò pé owó orí lẹ bá wá.

Mo rántí ìpàdé àwọn onílé kan ní Bàrígà. Alága wọn dìde, ó ní àdúgbò àwọn kò níṣòro omi rárá, pé ilé tí kò ní bọ́hóòlù níbẹ̀ kò tó nǹkan. Gbogbo àwọn tó jókòó níwájú ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí ìpàdé tú, mo wọ ọ̀kan nínú àwọn ilé náà, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ sọ́dọ̀ àwọn ayálégbé. Ìyá kan tó ń din àkàrà mú mi lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ó ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà wẹ́wẹ́ sára férémù ilẹ̀kùn, ìlà kan fún kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan tó gbà láwìn lọ́wọ́ mẹrúwà. Tó bá di Sátidé, á sanwó, á fi aṣọ tútù nu ìlà náà kúrò, á tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn lọ́jọ́ Àìkú. Bọ́hóòlù wà nínú ọgbà ilé yẹn lóòótọ́, àmọ́ onílé kì í tan ẹ̀rọ rẹ̀ àfi tí iná bá dé, tí iná bá sì dé lóru, táǹkì tirẹ̀ nìkan ló ń kún. Ara férémù ilẹ̀kùn yẹn ni mo ti ka omi tí ìdílé náà ń lò lọ́sẹ̀, iye tí wọ́n ń san, àti ọjọ́ tí omi wọ́n jù. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ alága nìkan la kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, páìpù ńlá ì bá gba ibòmíràn lọ.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí ẹ kó onílé àti ayálégbé jọ sínú ìpàdé kan ṣoṣo. Ayálégbé kò ní tako onílé lójú onílé. Yàrá tó ń gbé ló ń rò. Ẹ lọ kí ọba tàbí baálẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, nítorí ẹni tó fo ààfin kọjá yóò kábàámọ̀ ní ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n ẹ má parí iṣẹ́ sí ààfin, ẹ má sì parí rẹ̀ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò. Ẹ wá àwọn ọmọdébìnrin tó ń pọn omi kí wọ́n tó lọ síléèwé. Ẹ wá mẹrúwà fúnra rẹ̀, kí ẹ mú ẹni tó gbọ́ Hausa dáadáa dání: ó mọ òpópónà tí omi ti ń wọ́n ju ẹnikẹ́ni nínú ọ́fíìsì yín lọ, torí ibẹ̀ ló ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ lójoojúmọ́. Bó bá jẹ́ Mákòko ni, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gbé lórí ọ̀sà tí wọ́n sì ń ra omi lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé e kiri, ẹ mú ẹni tó gbọ́ Ègùn dání. Ẹ lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹ bá lọ lóṣù Okúdù, tí òjò ń kún gbogbo garawa tó wà lábẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀, ìdáhùn òjò lẹ ó gbà.

Àwọn àgbà ìlú mọ ohun tí ẹ̀rọ kò tíì wọ̀n. Ẹ bi onílé pé ọdún wo ló gbẹ́ kànga rẹ̀, báwo ló ṣe jìn tó nígbà yẹn, ṣé ó ti tún un gbẹ́ jìn sí i. Bí ogún ilé ní òpópónà kan bá ti tún kànga wọn gbẹ́ jìn, omi abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ ń lọ sílẹ̀ nìyẹn, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ gbọ́. Ní Lẹkí àti Ajá, ẹ bèèrè bóyá omi bọ́hóòlù ti ń ní iyọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí bí a bá ti ń fa omi tó wà lábẹ́ ilẹ̀ etíkun jáde ní àfàjù, omi òkun a máa yọ́ wọlé dípò rẹ̀. Ìyàwó ilé tó ń fi omi náà se ìrẹsì á mọ̀ ọ́n lẹ́nu kí ẹnikẹ́ni tó gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

Ẹ má gbàgbé àwọn tó ń gbé létí odò tí omi Èkó ti ń wá. Akútẹ ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n ti ń fa omi ilé iṣẹ́ omi Adíyàn, tí Èkó ń lò, láti inú odò Ògùn. Ìsédò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983, wà lókè níbẹ̀. Omi Èkó àti Abẹ́òkúta sì wà lára ìdí tí wọ́n fi kọ́ ọ. Nígbà tí omi rẹ̀ bá kún tí wọ́n sì ṣí i, àwọn ará Ìṣẹrì àti Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú ló ń kó ẹrù sórí àjà. Bàbá kan níbẹ̀ fi èékánná tọ́ka sí ibi tí omi dé lára ògiri rẹ̀ fún mi, ìlà lórí ìlà, ó sì ń sọ oṣù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dé. Ètò omi ọgbọ̀n ọdún tí kò bá gbọ́ tirẹ̀ kò tíì pé.

Nípa kíkọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Bí ẹnì kan bá ní, "Omi yìí ń rùn bí ẹyin," ẹ má yí i sí èdè ọ́fíìsì. Òórùn ẹyin ń sọ nǹkan kan fún ẹni tó mọ̀ nípa omi. Èdè ọ́fíìsì kò ní sọ ọ́. Kí ẹ tó dìde, ẹ ka ohun tí ẹ kọ sí wọn létí, kí wọ́n tún un ṣe.

Bí wọ́n bá sì bi yín pé ìgbà wo ni omi máa dé, ẹ sọ òótọ́. Ẹ sọ pé páìpù ń gba ọdún, pé iná mànàmáná ló ń ti omi, pé owó lè má tó. Mo ti rí ọ̀dọ́ tó ṣèlérí ọdún kan torí àtijẹ ìyìn ìpàdé. Ẹni tó wọ àdúgbò yẹn lẹ́yìn rẹ̀ ló gbọ́ èébú.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti jíjábọ̀, òun sì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ kúrò tí owó iṣẹ́ bá dín. Ẹ má gbà fún wọn. Ìyá tó bá fi ìlà ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ hàn yín ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀ bóyá wọ́n lo ohun tó sọ tàbí wọn ò lò ó, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ìwé pélébé kan tí a lẹ̀ mọ́ ara mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, ìpàdé wákàtí kan lábẹ́ igi, ó tó. Àwọn àdúgbò kan wà tí a ti gbọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, tí wọn ò tíì gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ padà sọ́dọ̀ wọn kí ẹ tó wọ àdúgbò tuntun.