Níbo ni Ọ̀rá Ara Ń Gbà Jáde?



Ẹ̀kọ́ tí mo mú wá lónìí dá lórí ara sísanra, àti bí a ti lè ya ìmọ̀ràn tí ó wúlò sọ́tọ̀ kúrò lára àhesọ. Kì í ṣe pé mo gbọ́n ju yín lọ ni mo ṣe mú un wá. Àṣìṣe ni mo ṣe, ọmọ ọlọ́mọ ni ó sì jìyà rẹ̀.

BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ TI BẸ̀RẸ̀

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, dókítà kan gbé mi lé orí òṣùwọ̀n, ó bá mi ní kílò 92. Gíga mi jẹ́ mítà 1.70. Ẹ̀jẹ̀ mi sì ń ru. Ó ní kí n dín ara kù, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò ráyè sọ bí n óò ti ṣe é fún mi. Mo padà sílé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ ará àti ọ̀rẹ́. Ọ̀kan ní kí n máa mu omi ọsàn wẹ́wẹ́ láràárọ̀. Èkejì ní kí n má fẹnu kan ẹ̀bà mọ́. Ẹ̀kẹta ní kí n fi náílọ́ọ̀nù wé ikùn kí n sì máa sáré. Ẹ̀kẹrin ta tíì kan fún mi tí ń mú ni yàgbẹ́ léraléra. Ní ọjọ́ 5 péré, kílò 3 ti dínkù. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi dúró níwájú kíláàsì mi tí mo yin tíì náà.

Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì náà tí kò sanra rárá. Kílò 55 ni, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1.65. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ikùn rẹ̀ tóbi. Ó lọ ra tíì tí olùkọ́ rẹ̀ yìn, ó ń mu ún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kò sì jẹ oúnjẹ alẹ́ mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ṣubú lulẹ̀ lórí pápá ìṣeré. A gbé e dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì àgbà tí ó tọ́jú rẹ̀ sọ fún wa pé omi àti iyọ̀ ara ọmọ náà ti dínkù ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà tí ó gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ tíì náà ti wá, ó yíjú sí mi, ó ní: “Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, níbo ni ẹ rò pé ọ̀rá ara ń gbà jáde?”

Mo ní bóyá nínú ìgbẹ́ ni, tàbí nígbà tí a bá làágùn. Ó mi orí, ó ní: “Bí ẹ kò bá mọ ọ̀nà tí ó ń gbà jáde, báwo ni ẹ ti ṣe mọ ohun tí ó lè lé e jáde?”

Ọmọ náà gbádùn, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò kúrò lọ́kàn mi. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Mo rí i nígbà náà pé ohùn olùkọ́ wúwo ju ti ẹlòmíràn lọ, nítorí pé àwọn ọmọ a máa gbé e lọ sílé. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó láti kọ́ ohun tí ó yẹ kí n ti mọ̀ kí n tó la ẹnu.

ÌDÁHÙN ÌBÉÈRÈ NÁÀ

Ẹ jẹ́ kí a fi ara wé àgbẹ̀ tí ó ní àká. Bí ìkórè bá pọ̀ ju ohun tí ilé lè jẹ lọ, àgbẹ̀ a kó ìyókù sínú àká. Bí oúnjẹ bá dínkù, tàbí bí iṣẹ́ bá pọ̀, a lọ bù nínú àká. Ọ̀rá ni àká ara. Agbára tí ó wà nínú oúnjẹ ni ara ń kó pamọ́ síbẹ̀, kálórì ni a sì fi ń wọ̀n ọ́n.

Báwo ni ara ti ń ná ohun tí ó wà nínú àká yìí? Ó ń jó o díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú. Antoine Lavoisier, onímọ̀ ará Faransé, fi ẹranko kékeré kan sí àárín yìnyín ní ìgbà òtútù ọdún 1782 sí 1783. Ó wọn yìnyín tí ooru ara ẹranko náà yọ́, ó sì fi hàn pé èémí jọ iná tí ń jó jẹ́jẹ́. Ní ọdún 2014, Ruben Meerman àti Andrew Brown ní Australia ṣe ìṣirò ohun tí ó gbẹ̀yìn iná yìí. Wọ́n ní bí ara bá jó ọ̀rá kílò 10 tán, kílò 8.4 nínú rẹ̀ yóò di afẹ́fẹ́ kábọ́nì tí a ń mí jáde, kílò 1.6 yóò sì di omi.

Ìdáhùn náà nìyẹn. Èémí ni ó ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rá jáde. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó kí ó máa mí hẹlẹhẹlẹ, kí ó rò pé òun ń jò. Àfi bí agbára tí ara ń ná bá ju èyí tí oúnjẹ mú wọlé lọ ni ara tó lè ṣí ilẹ̀kùn àká.

Kí wá ni kílò 3 tí mo pàdánù ní ọjọ́ 5? Omi ni, àti ohun tí ó wà nínú ìfun. Ẹ̀dọ̀ àti iṣan ara a tún máa fi ṣúgà díẹ̀ pamọ́, omi tí ó tó ìlọ́po 3 ìwọ̀n rẹ̀ sì ń bá a gbé. Bí a bá febi pa ara, ṣúgà yìí ni ó kọ́kọ́ ń lọ, omi rẹ̀ a sì bá a lọ. Nígbà tí mo padà sí oúnjẹ mi, ọjọ́ 3 ni kílò 3 náà fi padà dé. Òṣùwọ̀n kò purọ́, èmi ni n kò mọ ohun tí ó ń wọ̀n.

ÀWỌN ÀHESỌ TÍ Ó WỌ́PỌ̀

Èkíní, pé ìyàgbẹ́ àti ìlàágùn ń yọ ọ̀rá. Ìfun kékeré ti gba agbára inú oúnjẹ tán kí irú tíì bẹ́ẹ̀ tó ṣiṣẹ́ nínú ìfun ńlá. Náílọ́ọ̀nù tí a fi wé ikùn ń fa omi jáde ni, ife omi 2 sì ti dá a padà. Ewu mìíràn tún wà. Oògùn kan wà tí à ń pè ní sibutramine, tí wọ́n mú kúrò lọ́jà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ní ọdún 2010 nítorí àrùn ọkàn àti àrùn rọpárọsẹ̀. Láti ìgbà náà, àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà nínú ọjà tí a kọ sí lára pé ewé àti egbò lásán ni.

Èkejì, pé omi ọsàn wẹ́wẹ́ ń yọ́ ọ̀rá. Àwa tí a ti fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ àwo rí mọ̀ pé ó ń gé epo, ṣùgbọ́n ara kì í ṣe àwo. Ikùn ti ní omi kíkan tirẹ̀, ọsàn náà kò sì lè dé ibi tí ọ̀rá wà. Àǹfààní kan ni ó ní: bí ẹnìkan bá mu ún dípò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Bí a bá kọ ọ́ sára ìgò pé ṣúgà gíráàmù 10 wà nínú mìlílítà 100, ìgò 50 sẹ̀ǹtílítà ní gíráàmù 50. Gíráàmù ṣúgà 1 ní kálórì 4, gbogbo rẹ̀ sì di 200.

Ẹ̀kẹta, pé ẹ̀bà nìkan ni ọ̀tá, kí a fi wíìtì rọ́pò rẹ̀. Gàrí gbígbẹ gíráàmù 100 ní bí kálórì 350. Ìyẹ̀fun wíìtì kò jìnnà sí i. Ẹni tí ó bá fi òkèlè wíìtì ńlá rọ́pò òkèlè ẹ̀bà ńlá kò tíì kúrò lójú kan. Epo inú ọbẹ̀ sì ńkọ́? Gíráàmù epo 1 ní kálórì 9, ṣíbí ìjẹun kan sì tó bí 120. Ní Stanford, ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ pín ènìyàn 609 sí ọ̀nà méjì: àwọn kan dín ọ̀rá inú oúnjẹ kù, àwọn yòókù dín oúnjẹ bí búrẹ́dì, ìrẹsì àti ṣúgà kù. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2018. Lẹ́yìn oṣù 12, àwọn ti ìṣáájú pàdánù kílò 5.3, àwọn ti ẹ̀yìn kílò 6.0 ní ìpíndọ́gba, ìyàtọ̀ náà kò sì tó ohun tí a lè gbára lé. Ohun kan náà ni mo ń sọ fún ẹni tí ń jẹ kẹ́ńkẹ́ ní Gánà, àkàsà ní Bẹ̀nẹ̀, tàbí benachin ní Gáḿbíà: ẹ má ṣe lé oúnjẹ baba yín jáde, ẹ dín bíbù rẹ̀ kù.

Ẹ̀kẹrin, pé eré ìdárayá ikùn ń yọ ọ̀rá ikùn. Ó ń mú iṣan ikùn le, ṣùgbọ́n a kò lè yan ibi tí ara yóò ti bù nínú àká rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, pé bí ebi bá ti pọ̀ tó ni àǹfààní yóò ti pọ̀ tó. Ní ọdún 1944 sí 1945, Ancel Keys ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, fún ọkùnrin 36 tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn ní oúnjẹ kékeré fún ọ̀sẹ̀ 24. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ìdá mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn. Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ wọ́n, ìbànújẹ́ mú wọn, oúnjẹ nìkan ni wọ́n sì ń rò tọ̀sán tòru. Ara tí ebi ń pa gidigidi a máa fún ọwọ́ mọ́ ìnáwó rẹ̀, bí ilé tí owó kò wọlé fún mọ́.

ÌMỌ̀RÀN TÍ Ó WÚLÒ

Nọ́ọ̀sì àgbà náà fún mi ní ìmọ̀ràn tí kò dùn-ún gbọ́ létí bí ti ọlọ́jà tíì. Ó ní kí n dín òkèlè mi kù ní ìdá mẹ́ta, kí n fi ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà kún àlàfo náà. Kí n fi ṣíbí wọn epo dípò kí n máa dà á láti inú ìgò. Kí n fi omi rọ́pò ẹlẹ́rìndòdò. Kí n máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 30 ní ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀. Kí n sì máa gun òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ kan náà.

Ẹ̀rí wà fún irú ìmọ̀ràn yìí. Ní ọdún 2002, ìròyìn jáde ní Amẹ́ríkà nípa ènìyàn 3,234 tí àtọ̀gbẹ ń dún mọ̀huru mọ̀huru mọ́. Àwọn tí a kọ́ láti dín ìwọ̀n ara kù ní ìdá 7 nínú 100, àti láti rìn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ni àtọ̀gbẹ fi sílẹ̀ jù lọ: iye àwọn tí ó mú nínú wọn fi ìdá 58 nínú 100 kéré sí ti àwọn tí a fún ní oògùn asán. Ìdá 7 nínú kílò 92 tèmi kò ju kílò 6.4 lọ. Ẹ kíyè sí i pé a kò ní láti tínrín kí a tó rí èrè.

Kí a tó gba ẹnikẹ́ni níyànjú, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó ní ohun tí yóò dín kù. Ẹ fi gíga ní mítà sọ ara rẹ̀ di ìlọ́po, kí ẹ fi èsì náà pín ìwọ̀n ara ní kílò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní bí àgbàlagbà bá tó 25, ara rẹ̀ ti ń wúwo jù. Bí ó bá tó 30, ìsanrajù ni. Èmi jẹ́ 31.8. Ọmọbìnrin náà jẹ́ 20.2 péré, kò ní ohunkóhun láti dín kù, àfi yẹ̀yẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó yẹ kí n ti dá lẹ́kun. Ìṣirò yìí kò wà fún aboyún. Ẹni tí ó sì ń lo oògùn àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ rí dókítà kí ó tó dín oúnjẹ kù. Oògùn tòótọ́ tí ń dín ara kù wà lóde òní, bí semaglutide tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún iṣẹ́ yìí ní ọdún 2021, ṣùgbọ́n ọwọ́ dókítà ni a ti ń gbà á, kì í ṣe lórí igbá.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA TÍ A FI Ń YẸ ÌMỌ̀RÀN WÒ

Bí ẹnikẹ́ni bá mú ìmọ̀ràn wá, ẹ bi í ní ohun mẹ́ta. Kí ni yóò jáde lára mi, ọ̀rá ni tàbí omi? Ṣé ó ń dín ohun tí ń wọlé kù, tàbí ó ń fi kún ohun tí ara ń ná? Ṣé mo lè máa ṣe é títí di àmọ́dún láìṣàìsàn? Ìmọ̀ràn tí ó bá kùnà ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó mú un wá.

Ní ti èmi, oṣù 10 ni mo fi pàdánù kílò 7. Mo ṣì tóbi, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀, mo sì ń gun àtẹ̀gùn kíláàsì láìdúró mí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo ti dúró níwájú kíláàsì kan náà, mo sọ fún wọn pé olùkọ́ yín ṣìnà. Ó nira fún mi, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà ni ó kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

ÌDÁNRAWÒ

1. Obìnrin kan ga ní mítà 1.60, ó sì wọ̀n ní kílò 72. Ẹ ṣírò rẹ̀, kí ẹ sì sọ ipò tí ó wà.

2. Ọlọ́jà kan ní bẹ́líìtì òun ń yọ kílò 2 lọ́jọ́ kan. Ẹ fi ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá a lóhùn.

3. Ẹ mú oúnjẹ kan tí wọ́n ń jẹ ní ìlú yín, kí ẹ sọ ohun méjì tí ẹ lè dín kù nínú rẹ̀ láìsọ adùn rẹ̀ nù.