Kí Ló Ń Rìn, Afárá Ni àbí Òpó? Ẹ̀kọ́ lórí Fífi Sátẹ́láìtì Ṣọ́ Afárá àti Ilé, láti Oríta Òrè

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni bí a ṣe ń fi sátẹ́láìtì mọ̀ bóyá afárá tàbí ilé gíga ń kúrò ní ipò tí wọ́n kọ́ ọ sí. Òrè ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ọmọ ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó ni mí, mo sì mọ oríta náà dáadáa.

Ìdí tí mo fi mú Òrè

Òrè ni títì Ṣágámù sí Benin ti pàdé ọ̀nà tó wá láti Oǹdó lọ sí Òkìtìpupa. Nígbà ìjọba Gómìnà Rótìmí Akérédolú ni wọ́n kọ́ afárá òkè sí oríta yìí. Tọ̀sán-tòru ni tírélà tó kó sìmẹ́ńtì, epo àti igi gẹdú ń gba ibẹ̀ kọjá. Ilẹ̀ Odígbó náà kò sì rí bákan náà. Àpáta àtijọ́ ló wà lábẹ́ apá òkè rẹ̀. Bí a bá ń lọ sí gúúsù, a ó bọ́ sórí iyanrìn àti amọ̀, títí dé Àgbábù, níbi tí ọ̀dà tí a fi ń ṣe títì ti wà nínú ilẹ̀.

N kò sọ pé afárá náà ní àléébù o. Ohun tí mò ń sọ ni pé afárá tí ara rẹ̀ le ló yẹ kí a kọ́kọ́ wọ̀n. Nígbà tí ọmọ tuntun bá dé ilé ìwòsàn, wọ́n á gbé e sórí ìwọ̀n, wọ́n á kọ ọ́ sínú káàdì. Ìwọ̀n ọjọ́ kìíní yẹn ni yóò jẹ́ kí nọ́ọ̀sì mọ̀, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bóyá ọmọ ń sanra tàbí ó ń rù. Afárá tí kò ní káàdì, bó bá yẹ̀ ní ìwọ̀nba díẹ̀, ta ni yóò mọ̀? Òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mẹ́kún sun.

Bí sátẹ́láìtì ṣe ń ka mìlímítà

GPS tó wà nínú fóònù wa lè ṣì ibi tí a wà ní mítà mẹ́ta sí márùn-ún. Ìyẹn kò wúlò fún afárá. Ẹ̀rọ àwa awọnlẹ̀ ń ka ìgbì tó gbé iṣẹ́ náà wá fúnra rẹ̀. Sátẹ́láìtì GPS wà ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sókè, ìgbì rẹ̀ àkọ́kọ́ sì gùn ní sẹ̀ǹtímítà 19. Ẹ̀rọ tó dára lè ka ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìgbì kan, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà méjì. Ìṣòro ibẹ̀ ni láti mọ iye odidi ìgbì tó wà láàárín sátẹ́láìtì àti ẹ̀rọ. Ìdí nìyí tí a fi ń lo ẹ̀rọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan lórí afárá, ọ̀kan lórí òpó tí a gbà pé kò mì. Àṣìṣe tó bá àwọn méjèèjì ni a ó yọ kúrò.

Bí a bá ń wọ̀n lójú ẹsẹ̀, a lè rí sẹ̀ǹtímítà kan ní ìbú àti ní òró, àti bíi méjì ní gíga. Gíga kì í dára tó ìbú, nítorí orí wa nìkan ni sátẹ́láìtì wà, kò sí èyí tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Bí a bá fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, mìlímítà díẹ̀ ni yóò kù.

Òpó wo ni kò mì?

Ibí yìí ni ọkàn ẹ̀kọ́ wà. Gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ló ń rìn síhà àríwá ìlà-oòrùn, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ lọ́dún. Ẹni tó bá wọ afárá Òrè lónìí pẹ̀lú ìwọ̀n tó bá gbogbo ayé mu, tó sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, yóò rí i pé ó ti kúrò ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá. Bó bá pariwo, àwọn ará ìlú á sá. Bẹ́ẹ̀, gbogbo Òrè, títí kan ọjà àti gáréèjì, ló jọ rin ìrìn yẹn. Ìyàtọ̀ láàárín afárá àti ilẹ̀ àyíká rẹ̀ nìkan ló kàn wá.

Orílẹ̀-èdè wa ní àwọn ibùdó GNSS tí kì í sùn, NIGNET, lábẹ́ ọ́fíìsì Surveyor-General ìjọba àpapọ̀. Ọ̀kan wà ní FUTA, ní Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ jìnnà sí Òrè ní ohun tó lé ní 60 kìlómítà, ojú ọ̀run ibẹ̀ kì í ṣe ojú ọ̀run ibí. A nílò òpó tiwa nítòsí, lórí ilẹ̀ tó le, tó jìnnà sí erùpẹ̀ tí wọ́n kó gun ẹnu afárá, tó sì kúrò níbi tí tírélà ti ń mi ilẹ̀. Mẹ́ta ni kí ó jẹ́. Bó bá jẹ́ méjì, tí àlàfo wọn sì yí padà, a kò ní mọ èyí tó rìn. Ẹ̀kẹta ni ẹlẹ́rìí.

Àwọn ohun tó ń tan ni jẹ

Oòrùn ni àkọ́kọ́. Kọnkéré máa ń gùn sí i bó bá gbóná. Afárá tó gùn ní 50 mítà, bí ooru rẹ̀ bá fi digírì 20 lé, yóò gùn sí i ní nǹkan bíi mìlímítà mẹ́wàá. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn, bó ṣe ń mí nìyẹn.

Èkejì ni gbohùngbohùn. Ìgbì máa ń kọlu irin tírélà tàbí òrùlé páànù kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Sátẹ́láìtì GPS máa ń padà sí ojú kan náà ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣáájú àkókò àná. Nítorí náà, gbohùngbohùn ilé àti òpó iná á padà wá ní ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣáájú, a ó sì lè yọ ọ́ kúrò. Ti tírélà kò ní ìlànà.

Ẹ̀kẹta ni ionosphere. A wà nítòsí ìlà agbedeméjì òòfà ayé, ibi tí ìgbì sátẹ́láìtì ti máa ń gbọ̀n lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, títí di nǹkan bí òru. Nítorí náà, àfẹ̀mọ́júmọ́ ló dára jù: ionosphere ti rọlẹ̀, kọnkéré sì ti tutù.

Ìgbà wo ni a lè sọ pé ó ti rìn?

Ká ní àṣìṣe ìwọ̀n wa jẹ́ mìlímítà mẹ́rin ní ọdún kìíní, ó sì jẹ́ mẹ́rin ní ọdún kejì. Àṣìṣe ìyàtọ̀ wọn ni gbòǹgbò 16 + 16, èyí tó jẹ́ 5.7. Láti ní ìdánilójú bí ìdá márùndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ìyàtọ̀ náà gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 11. Bí òpó afárá bá wálẹ̀ ní mìlímítà mẹ́jọ, a kò tíì rí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n bó bá wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ìgbà márùn-ún tẹ̀léra wọn, tí kò gòkè rí, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹnjiníà.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Ní Hong Kong, wọ́n fi GPS sórí afárá Tsing Ma, tí àlàfo àárín rẹ̀ gùn ní 1,377 mítà. Yunifásítì Nottingham fi í wo afárá Humber ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Afárá tó gùn báyìí máa ń tẹ̀ débi tí sátẹ́láìtì á rí i kedere. Afárá kúkúrú bíi ti Òrè, ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ kéré, ó sì yára. Ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìgbọ̀nrìrì ló yẹ fún ìyẹn. Iṣẹ́ GPS níbẹ̀ ni wíwo bí òpó àti ẹnu afárá ṣe ń rì díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí a ṣe ìlérí tó ju agbára wa lọ. Ilé alájà 21 tó wó ní Ìkòyí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 2021 pa èèyàn tó lé ní 40, nígbà tí wọ́n ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́. N kò lè sọ pé sátẹ́láìtì ì bá gbà wọ́n là. Sìmẹ́ńtì tí kò pé àti irin tí kò nípọn kì í fi ọdún márùn-ún kìlọ̀ fúnni.

Ìdánrawò

1. Òpó A, B àti C wà ní Òrè. Lẹ́yìn ọdún kan, àlàfo A sí B àti A sí C ti yí padà ní mìlímítà 14, ti B sí C kò yí padà. Èwo ló rìn?

2. Bí àṣìṣe ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ mìlímítà mẹ́ta, ìyàtọ̀ wo ló yẹ kí ó kọ́kọ́ dẹ́rù bà wá?

3. Yan afárá kan ní ìlú rẹ. Sọ ibi tí wàá ri òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́, kí o sì sọ ìdí rẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ kà jù, nítorí ẹni tó bá ri òpó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún yìí ló máa ní ohun tí yóò fi wé lọ́dún tó ń bọ̀.